Bí a ṣe ń kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ olùṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ jọ, tí a sì ń wọn ipa rẹ̀

Nígbà tí àsìkò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn olùkọ́ a máa wọlé tọ̀ wá wá ní ilé ìkàwé pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì sábà máa ń ti ẹnu wọn jáde: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iye ìtọ́kasí mi.” Iye ìgbà tí àwọn ìwé ìwádìí dárúkọ iṣẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí orísun ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń bá wọn wò ó ní Àkúrẹ́ níbí, pàápàá àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, ohun tí ojú mi sì ti rí ti jẹ́ kí ó yé mi pé iye ìtọ́kasí ni ó yẹ kí a kà kẹ́yìn. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà gan-an, lẹ́yìn náà ohun tí ó ṣe nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Ẹni tí ó bá fi iye ṣáájú, tí kò sì bìkítà fún àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, yóò ka owó olówó mọ́ tirẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olùṣèwádìí tí ó fẹ́ to àkọsílẹ̀ tirẹ̀, fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí wọ́n kó fáìlì ẹlòmíràn lé lọ́wọ́, àti fún ará ilé aláìsàn tí ó gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti rí oògùn jẹjẹrẹ, tí ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ kankan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ohun èlò tí ẹ nílò kò ju kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ó ní dátà, ojú ìwé Excel kan tí ó ṣófo, àti sùúrù ọjọ́ méjì. Ẹ má ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ tí fáìlì gbọ́dọ̀ wọlé.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú

Àwọn àgbà ní orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń kó iṣẹ́ ìwádìí jọ kò gbọ́ òwe. Ní agbègbè tiwa, orúkọ ìdílé tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Akin kò lóǹkà láti Oǹdó títí dé Òkìtìpupa, lẹ́tà O ni ó sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ àbísọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Olúwaṣeun, Olúwatóbi, Ọláwálé, Ọmọ́tọ́lá àti Ọpẹ́yẹmí, gbogbo wọn ni jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, máa ń gé kù sí O kan ṣoṣo, tí ènìyàn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí orúkọ ìdílé wọn bára mu yóò fi di ẹyọ ẹnì kan lójú ẹ̀rọ. Ọ tí ó ní àmì nísàlẹ̀ a máa di O lásán. Nínú àwọn jọ́nà kan, ohun tí yóò jáde níbi tí ó yẹ kí lẹ́tà náà wà ni àmì ìbéèrè tàbí àpótí kékeré, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a sì sọnù mọ́ ẹni tí ó ṣe é lọ́wọ́.

Ti àwọn obìnrin tún le ju èyí lọ. Ẹni tí ó ti tẹ àpilẹ̀kọ mẹ́fà jáde ní orúkọ bàbá rẹ̀, tí ó wá lọ sílé ọkọ, tí ó fi àmì so orúkọ méjèèjì pọ̀ fún ọdún mẹ́ta, kí ó tó wá fi ti bàbá sílẹ̀ pátápátá, ti di ènìyàn mẹ́ta nínú àkójọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí Ògún tàbí Ifá wà níbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wọn, tí wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti wọ iṣẹ́. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nípa orúkọ tí ó wù ú, àmọ́ kí onítọ̀hún mọ̀ pé ìtọ́kasí tí ó ní lábẹ́ orúkọ àtijọ́ kò ní fúnra rẹ̀ rìn tẹ̀lé e.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Olùkọ́ obìnrin kan, ẹni tí ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ọmú, gbé fáìlì rẹ̀ fún mi, mo sì yára tẹ orúkọ ìdílé rẹ̀ àti lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀, mo kó gbogbo ohun tí ó jáde, mo tẹ̀ ẹ́ síta, mo sì fún un. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ọ̀kan nínú wọn bi í léèrè ìgbà wo ni ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti ajílẹ̀. Àpilẹ̀kọ mọ́kànlá nínú àkójọ náà jẹ́ ti ọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ìlú mìíràn. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó lè fi yé wọn pé òun kò fẹ́ jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni gbé. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ̀rọ bá kó jáde láìjẹ́ pé mo ṣí i wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ jókòó ti ẹni tí ó ni iṣẹ́, kí ẹ sì kọ gbogbo ọ̀nà tí orúkọ rẹ̀ ti gbà jáde rí sílẹ̀: ti bàbá, ti ọkọ, èyí tí a so pọ̀, lẹ́tà kan, lẹ́tà méjì, àti èyí tí jọ́nà kọ ní àkọtì. Ẹ kọ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tí ó ti ṣiṣẹ́ àti ọdún tí ó lò níbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jọ máa ń kọ̀wé. Àpilẹ̀kọ tí orúkọ bá mu, tí ilé ẹ̀kọ́ kò mu, tí kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹ ṣí àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ wo àdírẹ́sì ímeèlì tí ó wà lábẹ́ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé.

Lẹ́yìn èyí, kí onítọ̀hún gba nọ́ńbà ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún olùṣèwádìí, bí kò bá tíì ní. Láti ọdún 2012 ni ó ti wà, ọ̀fẹ́ ni fún ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 16 ni, tí a pín sí ọ̀nà mẹ́rin, tí lẹ́tà X sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí orúkọ bá yí padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, nọ́ńbà náà kò ní yí. Kí ó fi gbogbo orúkọ àtijọ́ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa kọ ọ́ sí gbogbo àpilẹ̀kọ tí ó bá fi ránṣẹ́ láti òní lọ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, síbẹ̀ mo mọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ti sún un síwájú fún ọdún márùn-ún.

Ibi tí a ti ń kó iṣẹ́ jọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti PubMed, àkójọ àpilẹ̀kọ ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Ilé Ìkàwé Ìṣègùn ti Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń tọ́jú, tí kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé a lè sọ fún un irú ohun tí à ń wá. Bí ẹ bá kọ orúkọ ìdílé àti lẹ́tà orúkọ, kí ẹ sì fi [au] sí ẹ̀yìn rẹ̀, inú orúkọ òǹkọ̀wé nìkan ni yóò wò. Bí ẹ bá fi [ad] sí ẹ̀yìn Akure, inú àdírẹ́sì àwọn òǹkọ̀wé ni yóò wò. Ọ̀rọ̀ tí PubMed fi ń pe gbogbo onírúurú jẹjẹrẹ pọ̀ ni neoplasms. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tẹ neoplasms[mh] AND Akure[ad] yóò rí àwọn iṣẹ́ lórí jẹjẹrẹ tí ẹnì kan láti Àkúrẹ́ lọ́wọ́ nínú rẹ̀; ẹ fi Ondo tàbí Owo dípò Akure, kí ẹ sì tún un ṣe. Àwọn àpilẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè má tíì ní [mh] yìí, àmì kókó ọ̀rọ̀ tí PubMed fi ń to àpilẹ̀kọ, nítorí náà ẹ tún fi cancer[tiab], tí ń wo inú àkọlé àti àkópọ̀ àpilẹ̀kọ, wá a, kí tuntun má baà bọ́.

PubMed kò kó gbogbo jọ́nà ilẹ̀ wa. Ẹ lọ sí African Journals Online, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní AJOL, tí ó ti wà láti ọdún 1998, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jọ́nà ìṣègùn Nàìjíríà tí ẹ kò ní rí níbòmíràn wà. Scopus, àkójọ ńlá mìíràn fún àpilẹ̀kọ ìwádìí, gba owó bí ẹ bá fẹ́ lò ó ní kíkún, ṣùgbọ́n ẹ lè wá ojú ewé òǹkọ̀wé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ sì rí iye tí ó kà fún un. Google Scholar, ẹ̀ka Google tí a fi ń wá ìwé ìwádìí, ni ó gbòòrò jù, òun náà ni ó sì dọ̀tí jù: ó ń ka ìwé àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìpàdé, àti nígbà mìíràn ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí iye rẹ̀ fi máa ń ga ju ti Scopus lọ. Bí olùṣèwádìí bá ní ojú ewé tirẹ̀ ní Scholar, ẹ ní kí ó lọ sí ibi tí a ti ń ṣètò rẹ̀, kí ó yàn pé kí wọ́n fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó fi iṣẹ́ tuntun kún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ yóò máa kó iṣẹ́ alájọjẹ́ orúkọ rẹ̀ wọlé ní òru.

Ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sínú Excel, àpilẹ̀kọ kan ní ìlà kan: ọdún, àkọlé, jọ́nà, nọ́ńbà DOI (nọ́ńbà tí a fi ń dá àpilẹ̀kọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ipò orúkọ rẹ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé, iye òǹkọ̀wé, irú iṣẹ́, ipa tí ó kó, àti ìtọ́kasí. DOI máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10; ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn doi.org, bí kò bá sì gbé yín dé ibi kankan, ẹ fura sí i.

Irú iṣẹ́ tí ó jẹ́

Níbí ni ìwádìí jẹjẹrẹ ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀, ó sì yẹ kí a farabalẹ̀. Àpilẹ̀kọ méjì lè ní ìtọ́kasí ogún-ogún, kí wọ́n má sì jọra rárá. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Olùṣèwádìí kan já ewé ewúro, ó fọ̀ ọ́, ó sá a ní ibòji títí ó fi gbẹ, ó lọ̀ ọ́, ó rẹ ẹ́ sínú ọtí líle tí wọ́n ń pè ní ethanol, ó sẹ́ ẹ, ó sì da omi tí ó ti inú rẹ̀ jáde sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo kékeré. Lẹ́yìn wákàtí 48, ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti kú. Iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀ iyọ̀ tí ó bá pọ̀ tó yóò pa sẹ́ẹ̀lì inú àwo, ìbéèrè tí ó sì kù ni pé ṣé ohun tí ó wà nínú ewé náà pa ti jẹjẹrẹ láìpa èyí tí ó dá ṣáká, ṣé yóò dé inú ara, ṣé ẹ̀dọ̀ kò ní fọ́ ọ túútúú kí ó tó débẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí kò lè jókòó ní ìlà kan náà pẹ̀lú èyí tí a fi oògùn wo ọgọ́rùn-ún mélòó kan aláìsàn, tí a fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà méjì, tí a sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún márùn-ún.

Nítorí náà, nínú òpó “irú iṣẹ́”, ẹ kọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: sẹ́ẹ̀lì inú àwo, ẹranko, àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn tí a yẹ̀ wò sẹ́yìn, ìwádìí lára ènìyàn tí a ṣètò ṣáájú, ìṣirò iye aláìsàn, tàbí àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Àgbéyẹ̀wò sábà máa ń kó ìtọ́kasí jọ ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, nítorí pé ó rọrùn láti tọ́ka sí ìwé kan tí ó kó ọgọ́rùn-ún ìwé pọ̀ ju kí a ka ọgọ́rùn-ún náà. Ẹni tí ìdajì ìtọ́kasí rẹ̀ bá ti inú àgbéyẹ̀wò méjì wá kò jẹ̀bi ohun kankan, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Fún iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì inú àwo, ẹ wo orúkọ sẹ́ẹ̀lì tí ó lò. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì HeLa lára aláìsàn jẹjẹrẹ kan tí ń jẹ́ Henrietta Lacks ní Baltimore ní 1951, sẹ́ẹ̀lì náà lágbára débi pé ó ti ya wọ inú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì mìíràn ní yàrá ìwádìí káàkiri ayé, tí àwọn ènìyàn rò pé àwọn ń ṣiṣẹ́ lórí ohun mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì MDA-MB-435 tí ọ̀pọ̀ lò gẹ́gẹ́ bí jẹjẹrẹ ọmú ti di mímọ̀ pé jẹjẹrẹ awọ ara ni. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ ICLAC ní àkójọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí orúkọ wọn kì í ṣe òótọ́, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó. Bí àpilẹ̀kọ bá lo ọ̀kan nínú wọn láìsọ ohunkóhun nípa rẹ̀, iye ìtọ́kasí rẹ̀ kò lè wo ọgbẹ́ náà sàn.

Ohun tí ó ṣe nínú iṣẹ́ náà

Nínú ìwádìí jẹjẹrẹ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ni ó sábà máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ẹni tí ó gbẹ̀yìn sì ni ọ̀gá tí ó ni yàrá ìwádìí tí ó sì wá owó rẹ̀. Àwọn tí ó wà láàárín lè ti ṣe púpọ̀, wọ́n sì lè má ti ṣe ju kí wọ́n yáni ní ẹ̀rọ lọ. Lọ́dọ̀ wa, a mọ̀ pé ipò nínú ọ́fíìsì ni wọ́n fi ń to orúkọ níbòmíràn, tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ yóò fi di ẹ̀kẹrin. Ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, ICMJE, ti là á kalẹ̀ pé kí a tó pe ènìyàn ní òǹkọ̀wé, ó gbọ́dọ̀ ti kópa gidi nínú ìgbékalẹ̀ iṣẹ́ tàbí nínú èsì rẹ̀, kí ó ti kọ ọ́ tàbí tún un kọ pẹ̀lú ọgbọ́n, kí ó ti fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn, kí ó sì gbà láti dáhùn fún un. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, a kò ní mú ọ̀kan kí a fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ jọ́nà nísinsìnyí sì máa ń tẹ ohun tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ṣe sí ìparí àpilẹ̀kọ. Ẹ ka ibẹ̀ kí ẹ tó kọ “ipa tí ó kó” sínú Excel.

Ọ̀ràn kan wà tí ó yẹ kí a sọ gbangba. Àwọn iṣẹ́ ńlá tí ń ṣírò iye àrùn ní gbogbo ayé, bí èyí tí wọ́n ń pè ní Global Burden of Disease, máa ń ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹkọ̀wé, àwọn ọmọ Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀. Iṣẹ́ pàtàkì ni. Àmọ́ àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtọ́kasí wá fún ẹni tí gbogbo ìtọ́kasí rẹ̀ yòókù kò tó àádọ́ta. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n kọ iye méjì: ọ̀kan pẹ̀lú wọn, ọ̀kan láìsí wọn. Olùkọ́ kan bínú sí mi nítorí èyí. Ìgbìmọ̀ tí ó gba fáìlì náà kò bínú.

Ìgbà tí ó wá kan iye

Nísinsìnyí tí ojú ìwé yín ti mọ́, ẹ lè ka iye. Ní ọdún 2005 ni Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní San Diego, dábàá òdiwọ̀n tí à ń pè ní h-index, kò sì le rárá: bí ó bá jẹ́ 6, àpilẹ̀kọ mẹ́fà ni ó ní tí ìtọ́kasí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ to àpilẹ̀kọ láti orí èyí tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù sí èyí tí ó kéré jù. Ká ní olùṣèwádìí kan ní mọ́kànlá, tí ìtọ́kasí wọn jẹ́ 41, 27, 19, 12, 9, 7, 6, 4, 3, 1 àti 0. Ẹ máa kà lọ sísàlẹ̀: ìkẹfà ní 7, èyí tí ó ju 6 lọ, ìkeje ní 6, èyí tí kò tó 7. Ẹ dúró níbẹ̀. H-index rẹ̀ jẹ́ 6. i10-index, tí Google Scholar ń lò, ni iye àpilẹ̀kọ tí ìtọ́kasí rẹ̀ tó mẹ́wàá, èyí sì jẹ́ 4. Àpapọ̀ ìtọ́kasí jẹ́ 129.

Ẹ tún wò ó bí olùṣèwádìí náà bá ń tọ́ka sí ara rẹ̀. Bí méjì nínú 7 àti ẹyọ kan nínú 6 bá ti inú àwọn ìwé tirẹ̀ wá, àwọn méjèèjì yóò di 5, h-index yóò sì já bọ́ sí 5. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn tọ́ka sí iṣẹ́ tí ó ṣe ṣáájú, nítorí ẹni tí ń gbẹ́ kànga kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbẹ́ òkè rẹ̀. Ìgbà tí ìdajì ìtọ́kasí bá ti ọwọ́ ẹni náà wá ni kí ẹ béèrè.

Nọ́ńbà wọ̀nyí kì í rẹlẹ̀. H-index ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì ṣì lè máa gòkè. Ẹ má fi ti ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ wé ti ọ̀gá rẹ̀, ẹ má sì fi ti onímọ̀ jẹjẹrẹ wé ti onímọ̀ ìṣirò, nítorí pé àwọn tí ń kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ pọ̀ jọjọ, wọ́n sì ń tọ́ka sí ara wọn lọ́pọ̀ yanturu. Bí ẹ bá fẹ́ òdiwọ̀n tí ó wo ẹ̀ka ìmọ̀ àti ọdún, ẹ lọ sí iCite, èyí tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn àpilẹ̀kọ inú PubMed. Iye tí ó ń fún àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan máa ń yí ká 1.0, tí ó dúró fún àárín àwọn iṣẹ́ ẹ̀ka náà tí NIH fi owó ṣe. Ó tún máa ń fi hàn bóyá ìwádìí tí a ṣe lára aláìsàn ti tọ́ka sí àpilẹ̀kọ náà, mo sì ka èyí sí ju h-index lọ.

Impact factor jẹ́ ti jọ́nà, kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. A máa ń mú ìtọ́kasí tí jọ́nà gbà ní ọdún kan sí àwọn iṣẹ́ ọdún méjì ṣáájú, a ó sì fi iye iṣẹ́ ọdún méjì náà pín in. Jọ́nà kan lórí jẹjẹrẹ, CA: A Cancer Journal for Clinicians, ti ní impact factor tí ó ju 200 lọ, nítorí pé ó ń tẹ àpapọ̀ ìṣirò iye aláìsàn tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí lọ́dọọdún, bí ẹnì kan bá kọ lẹ́tà olójú ewé kan síbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé lẹ́tà náà tó ìlọ́po igba iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìkéde San Francisco lórí bí a ṣe ń gbé iṣẹ́ ìwádìí yẹ̀ wò, tí wọ́n ń pè ní DORA, sọ èyí láti ọdún 2012, síbẹ̀ fọ́ọ̀mù ìgbéga ní ọ̀pọ̀ ibi ṣì ń béèrè impact factor. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá béèrè, kí ẹ sì kọ ìtọ́kasí àpilẹ̀kọ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ipa tí iye kò lè fi hàn

Ní àwọn ọdún 1970 ni onímọ̀ ìṣègùn Harald zur Hausen ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ní Jámánì pé kòkòrò HPV ni ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé kòkòrò herpes ni. Ní 1983 ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ rí HPV16 nínú jẹjẹrẹ náà, HPV18 tẹ̀ lé e ní 1984. Abẹ́rẹ́ àjẹsára jáde ní 2006, zur Hausen gba Nobel ní 2008, ó sì di oṣù kẹwàá 2023 kí Nàìjíríà tó fi abẹ́rẹ́ náà kún àjẹsára tí à ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹni tí ó bá wọn ipa zur Hausen pẹ̀lú ìtọ́kasí ọdún méjì ní 1985 kò lè rí ọmọbìnrin kankan nínú rẹ̀. Tiwa náà kò jìnnà: Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago, tí ó sì gba ẹ̀bùn MacArthur ní 2005, wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ayé gbà pé jẹjẹrẹ ọmú máa ń mú àwọn obìnrin tí ó ti ilẹ̀ Áfíríkà ṣẹ̀ wá ní ọjọ́ orí tí ó kéré, àti pé irú èyí tí oògùn homonu kò ràn pọ̀ nínú wọn. Èyí yí ọ̀nà tí dókítà ń gbà yẹ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wò padà, kò sì sí òpó kankan nínú Excel tí ó lè gbà á.

Nítorí náà, ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún síwájú ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀. Ṣé ilé ìwòsàn kan ti yí ohun tí ó ń ṣe padà nítorí iṣẹ́ rẹ̀? Ṣé ìlànà ìtọ́jú kan tọ́ka sí i? Ṣé ó ti bá wọn gbé ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn jẹjẹrẹ kalẹ̀ ní Oǹdó tàbí Ọ̀wọ̀, níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni ó ti tọ́ dàgbà, níbo ni wọ́n sì wà? Ẹ béèrè ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé tàbí lẹ́tà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwọ̀nyí

Jọ́nà gbájúẹ̀ pọ̀. Ìmeèlì wọn máa ń yìn yín ní ọ̀rọ̀ dídùn, wọ́n á ní àwọn yóò tẹ iṣẹ́ yín láàárín ọjọ́ márùn-ún, wọ́n á sì béèrè owó. Jọ́nà tí ó ní àwọn alátùnyẹ̀wò gidi kò lè parí nínú ọjọ́ márùn-ún. Ẹ wo bóyá ó wà nínú PubMed tàbí Scopus tàbí AJOL, kí ẹ sì kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn olóòtú tí wọ́n tò sí i láti béèrè bóyá ó mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ wo bóyá wọ́n ti fagi lé èyíkéyìí nínú àwọn àpilẹ̀kọ náà, ìyẹn pé jọ́nà ti kéde pé kí a má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. PubMed máa ń kọ ọ́ gàdàgbà sí orí rẹ̀, Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ìwé ìtọ́kasí, sì máa ń fi àmì pupa kìlọ̀. Àpilẹ̀kọ tí a ti fagi lé ṣì máa ń gba ìtọ́kasí fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé àwọn ènìyàn ń da ìwé ara wọn kọ láìkà á. Bí òǹkọ̀wé bá fúnra rẹ̀ béèrè pé kí wọ́n fagi lé e nítorí àṣìṣe, ìwà ọmọlúàbí ni, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí pé ìtọ́kasí púpọ̀ kò sọ pé iṣẹ́ náà dúró. Ní 2012, nínú jọ́nà Nature, àwọn olùṣèwádìí méjì ròyìn pé nígbà tí ilé iṣẹ́ oògùn Amgen tún iṣẹ́ jẹjẹrẹ 53 tí ó lókìkí ṣe, 6 péré ni èsì rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Bí ẹlòmíràn bá ti tún iṣẹ́ ẹni tí ẹ ń yẹ̀ wò ṣe, tí ó sì rí ohun kan náà, ẹ fi í sí òkè.

Ojú ìwé kan tí a ó fi ránṣẹ́

Ìgbìmọ̀ kò ní ka ìlà ọgọ́ta. Ẹ mú iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó ṣe pàtàkì jù, kí ẹ kọ ìlà mẹ́ta sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èdè tí ẹni tí kò ṣe ìṣègùn yóò lóye: ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹni yìí fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àti ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Àwọn yòókù lè wà lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àkójọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ tí ẹ wò ó, bí àpẹẹrẹ “Scopus, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta”, nítorí pé nọ́ńbà náà yóò ti yí padà kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, ẹnì kan níbẹ̀ yóò sì fi fóònù rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e fún ẹni tí ó ni iṣẹ́, kí ó kà á ní ìlà ìlà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kí ó fagi lé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà tí ó bá fọwọ́ sí ni kí ẹ fi sínú fáìlì. Ẹ̀dà kan kí ó wà lọ́dọ̀ yín.